Mo ti wo ọkùnrin náà látòkèdélẹ̀ lórí Facebook ká tó pàdé, ṣé kí n sọ fún un ni àbí kí n panu mọ́?

Aránṣọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè bi ẹnikẹ́ni nínú ilé, torí ẹni tí mo bá bi lálẹ́ yìí, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ níbí ṣe rí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tàtí mi tó ń taṣọ lọ́jà Wàńdó, ló ní àwọn ti rí ọkùnrin kan fún mi, ọmọ Kétu, iṣẹ́ tránsíìtì, ìyẹn bíbá èèyàn gba ẹrù jáde, ló ń ṣe ní èbúté Kútọnu. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, ó ń tọ́jú ìyá ẹ̀ dáadáa. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà mi, wọ́n fún mi ní tiẹ̀, a ti ń kọ̀wé síra wa lórí WhatsApp. A wá fàdéhùn sí Sátidé tó ń bọ̀ pé ká jọ jẹun ní Songhai, torí ibẹ̀ tutù, ariwo ò sì pọ̀.

Èmi ò wá lè dúró de Sátidé. Mo fi nọ́ńbà wá orúkọ ẹ̀, mo fi orúkọ wá a lórí Facebook, mo rí i. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn á ní fọ́tò kan péré lòun fẹ́ wò kóun lè dá ẹni tóun ń lọ bá mọ̀, kò ní mọ̀gbà tó máa fi dé ọdún 2015, mo ti mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bímọ, mo ti mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń tì lẹ́yìn, mo tiẹ̀ mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé gbogbo fọ́tò tó bá gbé síta ló máa ń kọ "mon frère" (arákùnrin mi) sábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá fọ́tò ìgbéyàwó pàdé. Òun gan-an ni, ó wọ agbádá funfun, obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́tò ọmọ kékeré. Tó fi máa di 2021, mi ò rí obìnrin yẹn mọ́ rárá. Tàtí mi ò sì mẹ́nu kan ìyàwó, wọn ò mẹ́nu kan ọmọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó bá mi nídìí ẹ̀ ní ohun tí mò ń ṣe yẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn wọ yàrá ẹni tí ò sí nílé kó máa tú àpótí ẹ̀. Mo ní ṣebí òun fúnra ẹ̀ ló kó o síta. Ó ní ó kó o síta fáwọn tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe fún èmi tí mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Lánàá ni ọkùnrin yẹn kọ̀wé sí mi pé "ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere". Mi ò sì sọ fún un rí pé ìyá mi ti kú! Lóòótọ́ mo gbé fọ́tò ìsìnkú sórí Facebook nígbà náà. Mi ò bínú, ọ̀rọ̀ dáadáa ló sọ, àmọ́ ara mi kàn ṣe mí bákan, bí ìgbà tẹ́nì kan ti dúró lẹ́yìn mi tipẹ́ tí mi ò mọ̀.

Torí náà ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ó burú kéèyàn wo ẹni tó fẹ́ lọ bá? Tí kò bá burú, ibo ló yẹ kó dúró? Fọ́tò ìgbéyàwó yẹn ńkọ́, ṣé kí n bi í, àbí kí n ṣe bíi pé mi ò rí nǹkan kan?

Ọmọ_Akaba

Háà, òun náà ti wo tìẹ dé ìsàlẹ̀ nìyẹn 😂 Ẹ ti mọra tán, oúnjẹ nìkan ló kù. Tó bá di Sátidé kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kẹ́ ẹ máa bira yín ní ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mélòó ni ìyá yín bí?" Ẹni tó bi ìbéèrè ti mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè, ọjọ́ á jìnnà síra.

Bá mi sọ fún àbúrò ẹ pé kò sí ìdílé tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa fọmọ fún ilé tí ò mọ̀. Nígbà tiwa, kí wọ́n tó dá ọkọ lóhùn rárá, wọ́n á ti rán èèyàn lọ. Wọ́n á béèrè bóyá wọ́n ń jẹ gbèsè nínú ilé yẹn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wàrápá tàbí wèrè ń bá wọn jà, bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe ìyàwó wọn, ìyẹn gan-an ni wọ́n máa ń wádìí jù. Kì í ṣe ará ilé náà ni wọ́n máa bi o, torí ta ni yóò pe ọbẹ̀ ara ẹ̀ ní ọbẹ̀ ọ̀lẹ? Aládùúgbò ni wọ́n ń bi, ìyá elékọ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn ni wọ́n ń bi. Tí ohun tí wọ́n gbọ́ ò bá wá dáa, wọn kì í lọ sọ ọ́ sí wọn lójú pé a gbọ́ pé bàbá yín báyìí báyìí. Wọ́n á ní àwọn bi Ifá, Ifá ò fọre. Ó parí. Ẹni tí wọ́n kọ̀ mọ̀ nínú ara ẹ̀, ẹni tó kọ̀ náà mọ̀, ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni lójú ọjà.

Nítorí náà wíwò tó o wò ó, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé o ní alárinà, o wá fo alárinà kọjá. Kí ni iṣẹ́ alárinà? Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, òun la máa mú tọ́rọ̀ bá dàrú. Tàtí ẹ tí ò sọ pé ọkùnrin náà ti gbéyàwó rí, wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní àlàyé. Àwọn ni kó o lọ bá, kì í ṣe Facebook, kì í ṣe ọkùnrin yẹn náà ní ojú oúnjẹ. Lọ bá wọn lálẹ́, kí ọjà ti tú, kó o kúnlẹ̀, kó o ní "tàtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa ilé ọkùnrin yìí tí ẹ ò tíì sọ fún mi?" Má tíì mú fọ́tò jáde.

Kíkí tó kí ẹ, ká ní ó mọ̀ pé o sìnkú ìyá tí ò sì kí ẹ, ìyẹn ni ǹ bá bínú sí. Àmọ́ ó yẹ kó fi kún un pé "mo rí i nínú fọ́tò tẹ́ ẹ gbé síta". Ẹni tó bá sọ ibi tóun ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ẹ̀ kì í bani.

Atúnfóònùṣe_Wàńdó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò ní wọ ti ìgbéyàwó, iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, àmọ́ ọjọ́ kan kì í lọ kẹ́nì kan má bi mí ní irú ìbéèrè yìí, "ṣé ẹni tí mo wò á mọ̀ pé mo wo òun?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Facebook kì í sọ fẹ́nikẹ́ni pé lágbájá wo prófìlì ẹ̀. Gbogbo àwọn áàpù àti ìkànnì tó ń pariwo pé àwọn máa fi ẹni tó ń wò ẹ́ hàn ẹ́, kóòdù ẹ ni wọ́n ń wá, àwọn tí wọ́n ti fi ìyẹn gba àkáùǹtì lọ́wọ́ wọn pọ̀ nídìí tábìlì mi níbí. Àmọ́ sítọ́rì yàtọ̀, bóyá ti Facebook ni o, bóyá ti Instagram, orúkọ ẹ máa jáde sí ẹni tó ni ín. Sítátù WhatsApp náà bẹ́ẹ̀, àfi tó o bá ti pa àmì pé mo ti kà á. LinkedIn máa ń sọ ẹni tó wò ẹ́ tí ẹni yẹn ò bá yí i padà kó tó wò. TikTok ní ibi tó ti ń fi hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣí i. Èyí tó sì máa ń tú àwọn èèyàn fó jù lọ ni ìka tó ṣèèṣì tẹ láìkì sórí fọ́tò ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn láago méjì òru. Ẹ fi ìka yín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jọ̀ọ́ 😅

Àǹtí, nípa ti àṣẹ̀yìndè yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má tiẹ̀ wá yín. Tí nọ́ńbà yín bá ti wà nínú fóònù ẹ̀, tó sì ti gbà kí Facebook máa ka àwọn nọ́ńbà tó ní, Facebook fúnra ẹ̀ lè gbé yín wá síwájú ẹ̀ pé bóyá ẹ mọra. Ó ṣí i, fọ́tò ìsìnkú ló kọ́kọ́ rí. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́.

Orúkọ tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà rí náà ńkọ́, ẹ ṣọ́ra. Orúkọ tó wà lórí Truecaller, áàpù tó ń sọ orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà, orúkọ táwọn èèyàn fi tọ́jú nọ́ńbà yẹn sínú fóònù wọn ni. Mo ti rí oníbàárà mi kan tórí Truecaller ń pè ní "Má dá a lóhùn gbèsè", èèyàn dáadáa ni, ẹnì kan ṣoṣo ló bínú sí i. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 tí wọ́n sì ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà wa tó fi di nọ́ńbà mẹ́wàá, àwọn orúkọ àtijọ́ míì ṣì so mọ́ nọ́ńbà tí ò ní 01, ohun tó ń jáde á wá máa dojú rú. Ohun tí àwọn èèyàn níbí sábà ń ṣe ni pé wọ́n á ṣe bíi pé wọ́n fẹ́ fi owó MoMo ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún nọ́ńbà yẹn á jáde, wọ́n á wá fagi lé e. Ìyẹn ṣeé gbára lé díẹ̀, torí káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé SIM tí ẹ̀gbọ́n rà fún àbúrò pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin làgbà, ṣùgbọ́n èmi ò gba ọ̀rọ̀ yín tán. Ìwádìí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n ń béèrè ni wọ́n ń bi. Íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ ẹnikẹ́ni o.

Tíṣà kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Chabi wà nínú orúkọ ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ tí àwọn Bàrùbá ń sọ ọmọkùnrin kejì ni, ó sì ti wọ̀ wá lára ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí débi pé tẹ́ ẹ bá pe Chabi ní gáréèjì, ìlàjì gáréèjì ló máa yíjú. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n mú pé ó ń ṣe gáímáànù, ìyẹn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn jáde, orúkọ wà níbẹ̀, fọ́tò ò sí. Ìdílé ọmọbìnrin tó ń fẹ́ wá orúkọ ẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn ni wọ́n rí. Ǹjẹ́ wọ́n bi í? Wọn ò bi í. Wọ́n kàn ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ló padà tú àṣírí ọ̀rọ̀ fún un, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn, wọ́n ti gba ìdáná ẹlòmíì. Torí náà Ìyá, tẹ́ ẹ bá ní Ifá ò fọre, ó sì parí, ó parí fún ẹni tó kọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì kọ̀, ibo ló ti fẹ́ wí ẹjọ́ ẹ̀?

Orúkọ wa tí wọ́n fi Faransé kọ tún wá dá kún un. Ajíbádé kan náà, ó lè jẹ́ Adjibadé nínú ìwé ìbí ẹ̀ níbí, kó jẹ́ Ajibade lórí Facebook torí pé ó gbé ní Èkó rí. Ẹ wá èyí àkọ́kọ́, ẹ rí èèyàn kan, ẹ wá èkejì, ẹ rí òmíì, èwo ni tiyín níbẹ̀?

Tèmi ni pé kéèyàn wo ojú àti iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ lọ bá, kó tó. Pàápàá obìnrin tó ń lọ bá ẹni tí ò mọ̀, mi ò lè bá a jà. Kó fi fọ́tò ẹ̀ wá a lórí Google Lens kó mọ̀ bóyá fọ́tò ẹlòmíì kọ́ ló jí lò, kó sọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kan nílé. Ṣùgbọ́n ọdún 2015? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, o sọ̀rọ̀. Nílé tiwa, ẹni méjì ni wọ́n máa ń rán, ọ̀tọ̀ lọ̀nà tí kálukú máa gbà lọ, ẹnì kìíní ò ní mọ̀ pé wọ́n rán ẹnì kejì. Tí ẹnu wọn ò bá kò, wọ́n á tún padà lọ béèrè. Ẹ̀yin ẹ̀ ń fi ẹnu kan ṣoṣo dájọ́, ẹnu yẹn ò sì tún jẹ́ ti èèyàn.

Àmọ́ má dá ọmọbìnrin lẹ́bi pé ó wò jìnnà. Ìwọ ọkùnrin, tó o bá lọ bá obìnrin tí kò dáa, owó oúnjẹ lo máa pàdánù.

Ọmọ_Akaba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí mímọ̀, ẹ wá sí Kétu lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀, olórin inú ìbòjú, á jáde lóru, gbogbo ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ látọdún, ẹni tó lọ jí iṣu, ẹni tó ń na ìyàwó ẹ̀, ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, á kọ ọ́ lórin níwájú ọba àti ìlú, ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ lórin á máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn ni torí kò gbọ́dọ̀ bínú. UNESCO gbé e sókè ní 2001, wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, ẹ má rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n ṣáájú, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú onítọ̀hún títí alẹ́ yẹn fi dé. Mímọ̀ jẹ́ ti gbogbo èèyàn, sísọ ní alẹ́ tiẹ̀ ó sì ní ẹnu tó ń sọ ọ́. Tèmi ni pé Àǹtí ò jẹ̀bi wíwò, ìgbà tó bá lọ sọ ọ́ níbi tí kò yẹ ló máa jẹ̀bi.

Ó yà yín lẹ́nu àbí, pé mo lè sọ̀rọ̀ gidi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Mo fẹ́ fi ohun kan sí i. A ní òfin lórí nǹkan wọ̀nyí, òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, òun ni wọ́n ń pè ní Code du numérique (òfin ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì), APDP sì ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìròyìn nípa èèyàn. Ẹni tó wo Facebook ẹni tó fẹ́ lọ bá jẹun, tó wò ó fún ara ẹ̀ lásán, òfin ò bá a wí, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má ya fọ́tò ojú fóònù yẹn ránṣẹ́! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á rí nǹkan, á yà á, á jù ú sínú gúrúùpù ìdílé pé "ẹ wo ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún wa", ìyẹn á gbé e lọ sí gúrúùpù ìjọ, kó tó di alẹ́ ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni fọ́tò, òmíì á sì ti kọ èébú sí i. Abala 550 nínú òfin yẹn sọ̀rọ̀ nípa fífi íntánẹ́ẹ̀tì dààmú èèyàn, wọ́n sì ti fi ju àwọn kan sẹ́wọ̀n.

Àwọn ọ̀gá tó ń wo Facebook ẹni tó ń wáṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Àwọn kì í ṣe ẹbí, agbára wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n bá ń kó ìròyìn èèyàn jọ sínú fáìlì, ó yẹ kí ẹni yẹn mọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo mọ ibi iṣẹ́ kan níbí tí wọ́n ti bi obìnrin pé kí ló dé tó ò wọ hìjáábù nínú fọ́tò kan tó sì wọ̀ ọ́ wá síwájú àwọn, kí ló kan iṣẹ́ sẹ́kírítérì?

Àwọn nǹkan kan sì wà tó jẹ́ pé ó di dandan kẹ́ ẹ wádìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ lọ wo ohun tí ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, ní nípa ilẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó gbówó sílẹ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ò lè ní ẹ rí òun fín. Ilẹ̀ lẹ ń wò, ẹ ò wo ìyàwó ẹ̀.

Aránṣọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ṣe bí Ìyá ṣe wí, mo lọ bá tàtí mi lálẹ́ àná. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sóhun tó kù tí wọn ò tíì sọ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní "ta ló ti lọ sọ fún ẹ?" Èmi náà bá sọ pé Facebook ni. Wọ́n kàn pòṣé.

Wọ́n ní òótọ́ ni, ó gbéyàwó, wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ọkùnrin náà ní Kétu. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ àwọn pé kí àwọn jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lójúkojú. Ó ní wọ́n ti bá òun sọ ọ́ fún ẹnì kan rí ṣáájú, ẹni yẹn gbọ́ pé òun kọ ìyàwó sílẹ̀, kò dúró gbọ́ ohun tó fà á.

Torí náà Sátidé tá a ń lọ yìí, ohun tó ń bọ̀ wá sọ nìyẹn o. Bóyá ó ti ń kọ́ ọ sórí báyìí, bóyá ló tiẹ̀ rí oorun sùn. Èmi sì ti mọ̀ ọ́n, mo mọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ bí ọmọ náà ṣe rí. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, báwo ni kí n ṣe ojú mi?

Ọmọ_Akaba

Ẹ lanu. Ẹ ní "háà!" Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Má tẹ̀ lé ọmọ yìí. Irọ́ tó o bá pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wàá máa bọ́ ọ lọ ni, lọ́jọ́ kan ó máa sọ pé "ṣó o rántí bó ṣe yà ẹ́ lẹ́nu tó", kí lo máa sọ?

Jẹ́ kó sọ tiẹ̀. Má já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, má bá a parí ẹ̀, kódà tó o bá mọ ibi tó ń lọ. Tó bá sọ ọ́ tán, kó o ní "mo rí fọ́tò kan, mo ní kí n dúró kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín". Kó o wá bi í ní ohun tí fọ́tò ò lè sọ, ta ló ń mú ọmọ náà lọ sílé ìwé, ṣé òun àti ìyá ọmọ ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló kàn ẹ́ tó o bá máa bá a gbé.

Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́

Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọkùnrin máa làágùn lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti mọ̀, tó bá padà gbọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n, á rò ó pé ẹ jókòó ẹ̀ ń dán òun wò ni. Ẹ kọ̀wé sí i ṣáájú Sátidé. Ẹ ní "mo rí i pé ẹ kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó hàn pé ẹ rí Facebook mi, èmi náà ti rí tiyín, ohun tó bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, mo ń dúró gbọ́". Ó tán. Ẹ ò dárúkọ ìyàwó, ẹ ò dárúkọ ọmọ, ó ṣì ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ó mọ̀ pé kò ní bá yín lójijì. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wo ara yín, kí ló dé tí ẹnì kan á máa fi pamọ́?

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Hmm. Ìyẹn náà dáa. Ó dáa ju tèmi lọ tó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe oníjàgídíjàgan.

Atúnfóònùṣe_Wàńdó

Ẹ má tíì lọ, Àǹtí. Obìnrin inú fọ́tò yẹn, orúkọ ẹ̀ ti máa ń so mọ́ fọ́tò, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa já sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀. Òun ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jẹun ní Songhai.

Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ wọ ìṣètò Facebook yín, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti gbé síta látijọ́ di ti ọ̀rẹ́ nìkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ gbé e wá bá mi ní Wàńdó, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Aránṣọ_Àjàṣẹ́

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ká tó máa sọ ọ́ 🙈 Ó ti tì í, fọ́tò òdòdó kan ṣoṣo ló hàn. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó tì í.

Ti Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni màá ṣe. Mo ti kọ ọ́, mi ò tíì fi ránṣẹ́, màá tún un kà lọ́la àárọ̀.

Ọmọ_Akaba

Àǹtí, ẹ sọ orúkọ agbo ilé ẹ̀ fún mi ní kọ̀rọ̀. Kétu ni mo wà báyìí, kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́, màá ti bá yín gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀!

Aránṣọ_Àjàṣẹ́

Rárá o, ẹ ṣeun, mo ti gbọ́ tó 😂 Ìbéèrè kan ló kù. Tá a bá jẹun tán, ṣé èmi ni mo máa san tèmi ni, àbí kí n jókòó kí n máa wò ó?

Atúnfóònùṣe_Wàńdó

Àǹtí, ìyẹn tóbi ju èyí tá a sọ tán lọ, ẹ lọ ṣí tiẹ̀ lọ́tọ̀.